Epo Lára Ìjánu Ṣéènì

Bí ẹ bá dé Òfìkì tí ẹ bá béèrè Ọdẹ́wùmí, àwọn kan á ní kí ẹ máa lọ sí ilé àwọn ọdẹ, àwọn kan á ní kí ẹ yà sábẹ́ igi odán tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹnì kan náà ni. Ọmọ ọdẹ ni, ìbọn bàbá rẹ̀ ṣì wà nínú àjà títí di òní, ṣùgbọ́n sípánà ló fi ń jẹun. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń ké bọ̀ lókèèrè, á ti mọ ibi tó ń dùn ún kí ẹni tó gùn ún tó sọ̀ kalẹ̀.

Kì í ṣe ojo o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mọ́ládé, ni ẹ̀rù ti bá a kó wọlé, tó tẹ́ ẹní, tó sì sùn tì í. Òun àti Àpọ́nlé ìyàwó rẹ̀ ti wá ọmọ títí tó fi sú àwọn tó ń bi wọ́n léèrè. Nígbà tí Ọlọ́run wá ṣe é, Ọdẹ́wùmí tó máa ń sùn bí igi tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń nawọ́ síwájú imú ọmọ, pé ṣé ó ṣì ń mí. Àpọ́nlé á ní, "Bàbá Mọ́ládé, ẹ jẹ́ kọ́mọ ó sùn, ẹ jọ̀ọ́." Bàbá Mọ́ládé! Orúkọ yẹn ń dùn mọ́ ọn débi pé nígbà míì á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí obìnrin náà lè tún un pè.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Àpọ́nlé, ilé mùsùlùmí ló ti wá, kì í sì í fi ìrun rẹ̀ ṣeré. Ọkọ rẹ̀ ń bọ Ògún, òun ń kírun, kò sẹ́ni tó gbọ́ ariwo wọn rí lórí ìyẹn. Wàrà ló ń tà. Àwọn Fúlàní tó wà ní gáà lódìkejì odò ló máa ń lọ rà á lọ́wọ́ wọn láàárọ̀, á gbé e wá sí Òfìkì kí oòrùn tó mú. Ọ̀nà gáà yẹn jìn, ìgbà tí ọkọ rẹ̀ rí i tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú ẹrù lórí, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó lọ sí Ṣakí, ó ra ẹ́ńjìnnì pẹ́ńpẹ́ kan tí wọ́n kó wọlé láti ìhà Kútọnu, ó dè é mọ́ àárín kẹ̀kẹ́ ológeere, ó ní, "Gbà, ẹsẹ̀ rẹ nìyí."

Ṣéènì méjì ló wà lára kẹ̀kẹ́ náà: ọ̀kan fún ẹsẹ̀, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì. Ti ẹ́ńjìnnì yìí gùn, bó bá sì ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ á dẹ̀. Ṣéènì tó bá ti dẹ̀, jíjábọ́ ló máa jábọ́. Ni Ọdẹ́wùmí bá rọ irin pẹlẹbẹ kan tó ní wíìlì kékeré lórí, ó fi bóòtù dì í mọ́ ọ̀pá kẹ̀kẹ́ létí táyà ẹ̀yìn. Wíìlì kékeré yẹn á máa ti ṣéènì sókè, ṣéènì á le. Ìjánu ṣéènì ló ń pè é, torí bí ìjánu ẹṣin náà ló rí lójú rẹ̀: òun ni kì í jẹ́ kí nǹkan ya wèrè.

Ohun rere ni, ohun ẹ̀rù sì ni. Ọ̀pá tí wọ́n dì í mọ́ yẹn ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sẹ́yìn. Bí ìdè ìjánu, ibi tí bóòtù ti dì í mú, bá yọ̀ lára ọ̀pá, ṣéènì á fà á yí po, irin náà á wọ àárín sípókù, táyà ẹ̀yìn á sì há gádígádí lórí eré. Oníbàárà kan wá láti Kòmu lọ́jọ́ kan, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ so tirẹ̀, kò le tó. Níwájú Ọdẹ́wùmí gan-an ni kẹ̀kẹ́ ti gbé e sọ. Nínú yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti bá a ṣa eyín rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Ọdẹ́wùmí kì í fọwọ́ mi ìjánu kẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ wò kó tó jẹun.

Ọjọ́ Ògún ìdílé wọn lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò sí irin kan nínú ilé wọn tí kì í jẹ epo. Ọkọ́, àdá, ìbọn, pákúté, títí dé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán aṣọ, gbogbo wọn ni wọ́n ń ta epo pupa sí. Ọdẹ́wùmí tètè jí. Ó da epo sínú àwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí irin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá kan kẹ̀kẹ́ Àpọ́nlé.

Àná ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ìjánu rẹ̀, torí ti àtijọ́ ti jẹ. Sípánà tó yá lọ́wọ́ oníṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi dì í, torí sípánà kékeré tirẹ̀ ti sọnù láti èṣí. Ó wá a débi tó fi fẹ́ẹ̀ bá gbogbo àdúgbò jà, kò rí i. Ó ta epo sórí ẹ́ńjìnnì, ó ta á sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tó kan ìjánu, ẹ gbọ́ ohun tó ṣe: ó rọ epo sí i dáadáa, ó fìka tẹ̀ ẹ́ wọ abẹ́ ìdè, torí irin tuntun ni, ó fẹ́ kí Ògún mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Ògún, irin rẹ rè é. Ìyàwó mi ń bẹ lórí rẹ̀, ọmọ mi ń bẹ lẹ́yìn ìyàwó mi. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rí ìjà irin o."

Àpọ́nlé jáde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó gbé agbọ̀n wàrà dání. Ó wo kẹ̀kẹ́ tí epo ń kán lára rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kú ọdún o, Bàbá Mọ́ládé. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ẹ̀."

"Àṣẹ. Rọra lọ, rọra bọ̀ o. Tí o bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò..."

"Kí n di bíréèkì mú. Mo ti gbọ́ o, bàbá oníbíréèkì."

Ó ká ìró sókè díẹ̀ láti gun kẹ̀kẹ́, àpá gígùn tó wà lójúgun rẹ̀ sì hàn. Èṣí ló fi ibẹ̀ gbọgbẹ́, igi ìdáná ló ní ó gé òun, Ọdẹ́wùmí fúnra rẹ̀ ló sì ń fi òrí pa á ní àràárọ̀ títí tó fi jinná. Ẹ́ńjìnnì dún tatatata, ọmọ yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n lọ.

Inú Ọdẹ́wùmí dùn. Ẹ rí ayé! Inú rẹ̀ dùn títí tó fi jókòó ti àwọn ọdẹ nídìí Ògún lẹ́yìn ilé, tí wọ́n gbé ẹ̀sun iṣu jáde, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ọdẹ́bọ̀dé sì na ọ̀bẹ sí i pé kó gé e. Nínú ilé wọn, ẹni tó bá gé iṣu Ògún kò gbọdọ̀ dìde títí gbogbo ènìyàn á fi jẹ ẹ́ tán. Ọdẹ́wùmí gba ọ̀bẹ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣu. Ọ̀bẹ yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún un dì mú, ó fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ọ̀bẹ tún yọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya á níka.

Ọdẹ́bọ̀dé rẹ́rìn-ín, ó ní, "Epo ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ jù. Fi yẹ̀pẹ̀ nù ún."

Ọdẹ́wùmí ṣí àtẹ́lẹwọ́. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Irin tó dì mú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ ló yọ̀ yẹn. Ọkàn rẹ̀ lọ sí kẹ̀kẹ́. Ìjánu! Abẹ́ ìdè gan-an ni mo ti epo bọ̀! Ó rí ọ̀pá tó tín-ín-rín lọ sẹ́yìn, ó rí epo lábẹ́ ìdè, ó rí ṣéènì tó ń fa irin lọ díẹ̀díẹ̀, ó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò àti afárá tí kò ní ọwọ́ ìdímú. Ó tún rí eyín ará Kòmu nínú yẹ̀pẹ̀.

Ó sọ ọ̀bẹ sílẹ̀, ó dìde.

"Ọdẹ́wùmí! Níbo lò ń lọ? Ta ló ń fi Ògún sílẹ̀ lórí ìjókòó?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Ó ń sáré, ó ń tẹ fóònù. Epo kò jẹ́ kí fóònù gbọ́ ìka rẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún un tẹ̀. Nígbà tó wá wọlé, inú yàrá ló ti gbọ́ tí fóònù Àpọ́nlé ń ké lórí fèrèsé. Obìnrin náà gbàgbé rẹ̀ sílé. Ọdẹ́wùmí fẹ́rẹ̀ẹ́ ké.

Muhydeen, ọlọ́kadà tó máa ń dúró ní ìkóríta, ni ó bá. Ọmọ tó lẹ́nu bí àádùn ni, kò sí ohun tí kì í fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Bàbá Mọ́ládé, ẹ kú ọdún o! Eré kí lẹ̀ ń sá báyìí? Ṣé Ògún ń lé yín ni?"

"Gáà. Máa lọ. Muhydeen, mo bẹ Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, máa lọ."

Muhydeen wo ojú rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹ iná.

Àwọn tí nǹkan báyìí kò ṣe rí ni wọ́n máa ń rò pé ọ̀kadà ń sáré. Lójú Ọdẹ́wùmí, ṣe ni ọ̀nà ń gùn sí i. Igi kájú ń kọjá lọ, òkìtì iṣu ń kọjá lọ, àwọn màlúù dí wọn lọ́nà, darandaran ń rọra fi ọ̀pá tọ́ wọn bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ láyé. Ọdẹ́wùmí ń pariwo lé màlúù lórí, ó ń bú u, ó ń bẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ ń sọ pé bóyá kò tíì dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Inú rẹ̀ tún ń sọ pé ó ti dé ibẹ̀ tipẹ́.

Ó wá rí ohun kan dì mú. Èṣí ńkọ́? Ṣebí mo ta epo sí kẹ̀kẹ́ yẹn léṣìí, ìjánu wà lára rẹ̀, Àpọ́nlé lọ, ó bọ̀, kò sí nǹkankan! Ó di èṣí yẹn mú bí ẹni tó ń rì sómi ṣe ń di igi. Ó ń tún un sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn Muhydeen: kò ṣe nǹkankan léṣìí, kò ní ṣe nǹkankan lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n léṣìí, kò ti epo bọ abẹ́ ìdè bíi tòní. Léṣìí, kò sọ́mọ lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n dé tó rí i. Aṣọ funfun kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá igi irúgbá, èyí tí wọ́n ya lára ìró Àpọ́nlé àtijọ́, tí wọ́n ń fi nu ẹnu ọmọ. Ó pọ́n ròrò.

Ọdẹ́wùmí bẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀kadà tó dúró, ó fi orúnkún gúnlẹ̀, ó dìde, ó lọ síbẹ̀. Kò lè bẹ̀rẹ̀ mú aṣọ náà. Ó dúró lé e lórí.

"Bàbá Mọ́ládé," ohùn Muhydeen ti rẹlẹ̀, "ṣé ẹ̀jẹ̀ ni?"

Ọdẹ́wùmí wá bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ó gbé e súnmọ́ imú. Òórùn epo pupa ló kọlù ú.

"Epo ni," ó ní. "Muhydeen, epo ni."

Ó jókòó sílẹ̀ gbì. Ó wá rí àwọn nǹkan tí kò rí tẹ́lẹ̀: ojú táyà kẹ̀kẹ́ tó yà kúrò lọ́nà wá sábẹ́ igi, ojú orúnkún ènìyàn nínú erùpẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti gbọ́n yanrìn tó gbẹ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹnì kan ti kúnlẹ̀ níbí, ó sì ti nu irin. Àfẹ́fẹ́ ló ní láti ja aṣọ náà bọ́ lára igi tó fi í kọ́.

Ṣé ẹ rò pé ẹ̀rù lọ? Kò lọ. Bóyá ìjánu ti yọ̀ kó tó nù ún. Bóyá kò nu abẹ́ ìdè. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ lọ sí odò, ojú rẹ̀ kò kúrò nínú koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé orí afárá, ó wo inú omi lápá ọ̀tún, ó wo lápá òsì. Òkúta àti omi nìkan ló wà níbẹ̀.

Ní gáà, kẹ̀kẹ́ fara ti igi. Àpọ́nlé jókòó lórí àpótí, ó ń to wàrà sínú ewé, Mọ́ládé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ ìka ara rẹ̀. Àpọ́nlé gbójú sókè, ó rí ọkọ rẹ̀, ó dìde wùyà.

"Bàbá Mọ́ládé! Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gé iṣu ni? Kí ló dé? Ta ló kú?"

Ọdẹ́wùmí kọjá lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ nídìí kẹ̀kẹ́, ó fọwọ́ kan ìjánu. Ó gbẹ táútáú. Hóró yanrìn ṣì wà létí ìdè. Ó fi gbogbo agbára mì ín, kò yẹ̀. Orí ẹ́ńjìnnì nìkan ni epo ṣì wà, ó ń dán nínú oòrùn.

"Ta ló tú u? Ta ló dì í padà?"

Àpọ́nlé na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n wàrà, ó fa sípánà kékeré kan yọ.

"Sípánà mi!"

"Ẹ má bínú. Láti èṣí ló ti wà lọ́wọ́ mi."

"Èṣí? Kí lo fẹ́ fi sípánà ṣe léṣìí? Kò sí nǹkan tó ṣe kẹ̀kẹ́ yìí léṣìí."

Àpọ́nlé wo Muhydeen. Muhydeen, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ní òye, ó lọ ń wo màlúù. Nígbà náà ni obìnrin náà tẹ̀ síwájú, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó ṣe é. Ọjọ́ Ògún èṣí, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ìjánu yí wọ sípókù. Kẹ̀kẹ́ gbé mi sínú koríko."

Ọdẹ́wùmí ranjú mọ́ ọn.

"O ní kẹ̀kẹ́ ṣubú lórí ìdúró ni sípókù fi tẹ̀."

"Irọ́ ni."

Ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ojúgun ìyàwó rẹ̀. Kò ní kó ká ìró sókè. Ó mọ àpá náà bó ṣe mọ ọwọ́ ara rẹ̀, òun ló fi òrí pa á ní àràárọ̀, tó ń bú igi ìdáná.

"Oyún náà..." ó ní.

"Ó ti wà nínú mi. Mo jókòó nínú koríko, mo di ikùn mú, mo ń retí kí ẹ̀jẹ̀ dà. N kò lè dìde, ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá dìde, ó máa wálẹ̀. Nígbà tí kò dà, mo ti kẹ̀kẹ́ dé ibí, àwọn ará gáà bá mi tẹ irin padà."

"Àpọ́nlé, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Omi ti wà lójú obìnrin náà, ṣùgbọ́n ó ń bínú pẹ̀lú.

"Kí n sọ kí ni? Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí ẹ fi ń bẹ Ògún torí ọmọ, èmi kọ́ ló ń gbọ́ yín láàárọ̀? Oyún dé, ẹ da epo sírin, ẹ̀ ń dúpẹ́, ẹ̀ ń sunkún. Kí n wá délé kí n sọ fún yín pé epo ọpẹ́ yín ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á padà? Ẹ máa gbà bẹ́ẹ̀, ẹ sì tún máa sùn? Mo mọ̀ yín. Ẹ ò ní fọwọ́ kan sípánà mọ́. Mo wá sọ fún ara mi pé bí ọjọ́ Ògún bá dé, kí ẹ máa ta epo yín, kí n máa nù ún. Orí ẹ́ńjìnnì, n kò fọwọ́ kàn án. Ti Ògún nìyẹn."

Èṣí tí Ọdẹ́wùmí dì mú ní gbogbo ọ̀nà, tó ń tún sọ bí àdúrà, èṣí gan-an ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù gbogbo wọn, ilé ló sì wà, ó ń jẹ ẹ̀sun iṣu.

Mọ́ládé ké. Àpọ́nlé gbé e, ó nà án sí bàbá rẹ̀, torí ó rí i pé ọkùnrin náà nílò rẹ̀. Ọdẹ́wùmí na ọwọ́, ó sì tètè fà á padà. Epo ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó pọ́n, ó ń yọ̀.

"Dúró ná," ó ní. "Dúró, má tíì gbé e fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́n yanrìn, ó ń fi ra ọwọ́. Ó ra á títí, ó ra àárín ìka, ó gbọ́n òmíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, Àpọ́nlé sì dúró dè é. Nígbà tí ọwọ́ méjèèjì gbẹ, ó fi ọ̀kan di èkejì mú, ó fà á wò bóyá ó máa yọ̀. Kò yọ̀. Nígbà náà ló tó gba ọmọ rẹ̀.